Ẹ̀wù Tó Ń Gbèjà Oṣó

Nígbà tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974, òfin kan le mọ́ oṣó: kò gbọdọ̀ wọ ẹ̀wù irin, ọ̀bẹ aṣóró nìkan sì ni ohun ìjà rẹ̀. Jagunjagun á dira tán, oṣó á dúró tì í tòun ti aṣọ lásán. Kí ni yóò gbà á lọ́wọ́ ọfà?

Aṣọ yẹn náà ni.

Ìwé aṣàkóso eré tó jáde ní 1979 ló to irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ mélòó kan sílẹ̀. Èyí tó dùn jù níbẹ̀ ni Robe of Useful Items. Lójú ará ìta, ẹ̀wù ṣákálá ni. Ẹni tó bá gbé e wọ̀ nìkan ló ń rí ègé aṣọ kéékèèké tí wọ́n rán mọ́ ọn: òmíràn rí bí ọ̀bẹ, òmíràn bí dígí, bí okùn, bí àpò. Tó bá já ègé àtùpà, àtùpà gidi ló bọ́ sí i lọ́wọ́ yẹn, tepotepo, iná sì ti ń jó lórí rẹ̀. Ègé ọ̀pá á di ọ̀pá tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 10. Ègé mìíràn lè di ẹṣin! Ṣùgbọ́n èyí tí a bá ti já ti lọ nìyẹn, kò sí télọ̀ tó lè rán an padà. (Ẹni tó bá mọ gbérí ọdẹ àti àdó ara rẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ yanu.)

Ìràwọ̀ ara ẹ̀wù ti lọ́jọ́ lórí ju eré yìí lọ. Ní Bamberg, ní Jámánì, aṣọ ìlékè Olú-ọba Henry Kejì ṣì wà, ó sì ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún. Òwú wúrà ni wọ́n fi kó àwọn ìràwọ̀ ojú ọ̀run sí i, tí wọ́n sì fi èdè Látìn kọ orúkọ tì wọ́n. Henry kì í ṣe oṣó o. Ẹni mímọ́ ni ìjọ Àgùdà kà á sí. Nínú ìtẹ̀jáde eré náà ti 2014, ìràwọ̀ ńlá mẹ́fà ló wà láyà Robe of Stars. Oṣó lè fa ọ̀kan yọ kó fi ta ọfà idán. Tílẹ̀ bá ń ṣú, wọ́n á ta dáìsì láti mọ iye tó máa padà.

Ọ̀gá gbogbo wọn ni Robe of the Archmagi: funfun, eérú tàbí dúdú, bí ìwà ẹni tó ni ín bá ṣe rí. Nínú ìtẹ̀jáde 2014 kan náà, ààbò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 15, ti ẹ̀wù irin oníṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sì jẹ́ 16. Àmọ́ ẹ̀wù irin máa ń pariwo tí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá ń yọ́ rìn. Ti oṣó kì í pariwo rárá.