Government College Umuahia: Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tó fi òfin de ìwé kíláàsì, tó sì bí àwọn òǹkọ̀wé ńlá

Ní ọdún 1944, ọmọkùnrin kan láti ìlú Ogidi wọ Government College tó wà ní Umuahia, ní ìlà oòrùn Nàìjíríà. Ìyà àkọ́kọ́ tó jẹ níbẹ̀ kì í ṣe torí pé ó jalè tàbí pé ó jà. Ọṣẹ ló ní kí akẹgbẹ́ òun kan bá òun nà wá, èdè Igbo ló sì fi sọ ọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni òfin ilé ẹ̀kọ́ náà fàyè gbà.

Orúkọ ọmọ náà ni Chinua Achebe. Ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà, ní 1958, ó gbé Things Fall Apart jáde, ìwé ìtàn àròsọ tí wọ́n ti túmọ̀ sí èdè tó lé ní àádọ́ta.

Kì í ṣe òun nìkan. Gabriel Okara, Christopher Okigbo, Chukwuemeka Ike, Elechi Amadi, I. N. C. Aniebo àti Ken Saro-Wiwa, ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni gbogbo wọn ti kàwé. Kí ni wọ́n wá ń ṣe ní Umuahia tó fi rí bẹ́ẹ̀?

Báwo ni ilé ẹ̀kọ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀?

Ìjọba amúnisìn ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 1929, ọdún kan náà tí wọ́n dá Government College Ibadan sílẹ̀, níbi tí Wole Soyinka ti kàwé. Àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Robert Fisher, ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́.

Ọmọkùnrin nìkan ni wọ́n ń gbà. Inú ọgbà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, wọ́n sì pín wọn sí ilé ilé. Niger House ni Achebe wà. Wọ́n ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń kọ ìwé ìròyìn tiwọn. Ìdánwò àtiwọlé le, nítorí náà ọmọ tó bá rí ààyè níbẹ̀ mọ̀ pé orí ṣe òun lóore.

Àmọ́ ohun tó ya Achebe lẹ́nu jù ni yàrá ìkàwé. Ó sọ nígbà tó dàgbà pé yàrá gígùn kan ni, àti pé òun kò rí irú ìwé tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé òun. Láti ayé Fisher ni wọ́n ti ń kó àwọn ìwé náà jọ.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba ti ilé ẹ̀kọ́ náà pa fún ìgbà díẹ̀, ó sì sọ ọgbà rẹ̀ di àgọ́ tí wọ́n ń kó àwọn ará Jámánì àti Ítálì tí wọ́n mú sí. Lẹ́yìn tó tún ṣí ni William Simpson dé gẹ́gẹ́ bíi ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní 1944. Ó wà níbẹ̀ títí di 1951.

Òfin tí Simpson ṣe

Onímọ̀ ìṣirò ni Simpson, Yunifásítì Cambridge ló sì ti kàwé. Ẹni tó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀ lè rò pé yóò ti àwọn ọmọ náà mọ́ ìdí iṣẹ́ kíláàsì tọ̀sán-tòru. Òdìkejì ni ó ṣe.

Ó fòfin lélẹ̀ pé ní ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò gbọdọ̀ ṣí ìwé kíláàsì lẹ́yìn tí ẹ̀kọ́ bá ti parí. Ó lè ka ìwé ìtàn àròsọ, ìtàn ìgbésí ayé ẹni ńlá tàbí ìwé ìròyìn. Ó lè kọ lẹ́tà sílé, kó gbá tẹníìsì orí tábìlì, tàbí kó kàn jókòó jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ká ìwé kíláàsì mọ́ ọn lọ́wọ́, ìyà ń bọ̀.

Òfin yìí ló sọ yàrá ìkàwé Fisher di ibi tí àwọn ọmọ ń rọ́ lọ. Achebe ka Treasure Island, ó ka Gulliver's Travels, ó sì ka Up from Slavery, ìtàn ìgbésí ayé Booker T. Washington, adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí sínú oko ẹrú.

Ẹ̀gbin tó wà nínú ìwé

Ṣùgbọ́n àwọn ìwé kan wà lórí pẹpẹ náà tó sọ nípa Áfíríkà. Nínú wọn, òyìnbó ni akọni, adúláwọ̀ sì ni òmùgọ̀ tàbí ẹhànnà. Achebe jẹ́wọ́ pé nígbà tóun wà lọ́mọdé, ẹ̀yìn òyìnbó lòun máa ń wà bí òun bá ń kà wọ́n. Ìgbà tó dàgbà ló tó yé e pé òun gan-an wà lára àwọn tí wọ́n ń pè ní ẹhànnà.

Ibẹ̀ ni ìtàn Umuahia ti díjú. Ilé ẹ̀kọ́ tó fìyà jẹ ọmọ nítorí pé ó fi èdè ìyá rẹ̀ béèrè ọṣẹ, òun náà ló fún ọmọ náà ní ìwé àti àkókò tó fi kọ́ bí yóò ṣe dá àwọn òǹkọ̀wé òyìnbó lóhùn. Achebe kò sì da gbogbo ẹ̀bi ru òfin èdè náà. Ó ní ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń sọ onírúurú èdè abínibí, wọ́n nílò èdè kan tí yóò pa wọ́n pọ̀.

Láti Umuahia dé Ibadan

Achebe, Okigbo, Ike, Amadi àti Saro-Wiwa ló lọ sí yunifásítì ní Ibadan. Ìmọ̀ ìṣègùn ni Achebe kọ́kọ́ lọ kà níbẹ̀ ní 1948, kó tó yí padà sí ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn àti ẹ̀sìn. Ìmọ̀ físíìsì àti ìṣirò ni Amadi kà, síbẹ̀ òun ló kọ The Concubine tó jáde ní 1966.

Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní 1967, ọmọ Umuahia kọjú sí ọmọ Umuahia. Okigbo gbé ìbọn fún Biafra, ó sì kú sójú ogun lọ́dún náà. Achebe ṣiṣẹ́ fún Biafra, nígbà tí Amadi àti Saro-Wiwa wà lẹ́yìn ìjọba àpapọ̀. Ìlú Umuahia fúnra rẹ̀ di olú ìlú Biafra lẹ́yìn tí Enugu bọ́, kí ọmọ ogun Nàìjíríà tó gbà á ní oṣù Kẹrin ọdún 1969.

Ogun parí, ṣùgbọ́n bíi ti ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba káàkiri Nàìjíríà, àbójútó ọgbà náà ń dínkù bí ọdún ti ń gorí ọdún.

Ta ló ni ilé ẹ̀kọ́ náà báyìí?

Ní 2014, ìjọba ìpínlẹ̀ Abia fa ilé ẹ̀kọ́ náà lé Fisher Educational Trust lọ́wọ́, àjọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde dá sílẹ̀. Ìgbésẹ̀ náà fi ìfẹ́ wọn sí ilé ẹ̀kọ́ wọn hàn. Ó tún bí ìbéèrè kan: àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tí akẹ́kọ̀ọ́jáde wọn kò rí jájẹ ńkọ́?

Nǹkan méjì ló gbé Umuahia dé ibi tó dé. Ọ̀kan ni yàrá ìkàwé, èyí tí ìjọba náwó sí. Ìkejì ni òfin Simpson, èyí tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Lónìí, láti kíláàsì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ti ń gba lẹ́sìn lọ, wọ́n á tún ti lẹ́sìn bọ́ sórí ìbéèrè WAEC àti JAMB àtẹ̀yìnwá. Wákàtí tí ọmọ lè fi ka ìwé tí ẹnikẹ́ni kò ní fi dán an wò ti ṣọ̀wọ́n. Ní Umuahia, òfin ló dá irú wákàtí bẹ́ẹ̀ sí, inú rẹ̀ sì ni àwọn òǹkọ̀wé wọ̀nyí ti bẹ̀rẹ̀.