Àlejò ní Etí Òkun: Láti Baguida dé Òṣogbo

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù keje ọdún 1884, Gustav Nachtigal, aṣojú ìjọba Jámánì, fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Baguida pẹ̀lú Plakkoo, aṣojú ọba Mlapa ti Togoville. Ìwé ààbò ni wọ́n pè é. Láti orí rẹ̀ ni àkóso Jámánì ti gbilẹ̀, Baguida fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ibùjókòó wọn fún ìgbà díẹ̀. Àlejò ìgbà yẹn mú ìwé wá. Èyí tó dé lẹ́yìn òmìnira mú owó àti kámẹ́rà wá, ìlú sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1970 ni ìjọba Tógò bẹ̀rẹ̀ sí í náwó gidi lórí ìrìn-àjò afẹ́. Hòtẹ́ẹ̀lì ńlá dìde ní Lomé; ilé ìgbafẹ́ sì tò lọ sí ìlà-oòrùn, dé Avépozo àti Baguida. Orí iyanrìn tí apẹja ti ń fa àwọ̀n náà ni wọ́n ń to àga sí. Iyanrìn ọ̀hún kò sì fẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, nítorí láti ìgbà tí èbúté Lomé ti ṣí ní 1968 ni òkun ti ń jẹ ilẹ̀ tó wà níhà ìlà-oòrùn rẹ̀. Níbi tí ààyè bá ti ń dín, ẹni tó lówó ló máa ń kọ́kọ́ mọ odi. Apẹja kò lè fa àwọ̀n lórí títì. Ẹni tó ń bọ òkun kò sì lè gbé ojúbọ rẹ̀ lọ síbẹ̀.

Ilẹ̀ nìkan kọ́ ni ó wà nínú ewu. Ní Glidji, lẹ́bàá Aného, àwọn Guin, tí baba ńlá wọn ti agbègbè Accra wá ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ń fi Epe-Ekpe ṣí ọdún tuntun wọn. Àwọn àwòrò a wọ igbó mímọ́ lọ, wọn a sì mú òkúta kan jáde. Bí ó bá funfun, àlàáfíà ni. Bí ó bá pupa, ewu ń bẹ, kí oníkálukú ṣọ́ra. Iṣẹ́ tí a rán sí ọmọ Guin ni àwọ̀ yẹn. Àlejò tó ti Yúróòpù wá wo òkúta kan náà, àwòrán ló rí, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ohun tó yẹ kó ba onílé lẹ́rù ni ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí òkúta dúró de ìgbà tí ìjókòó àwọn èèyàn pàtàkì bá kún.

Àwọn Yorùbá tó wà ní Lomé mọ irú rẹ̀ nílé. Igi gígé àti oko dídá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ Igbó Ọ̀ṣun tán ní Òṣogbo kí Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́-ọnà tó bá a ṣiṣẹ́ tó dìde sí i. UNESCO kọ ọ́ mọ́ ohun-ìní àgbáyé ní 2005. Òkìkí yẹn dáàbò bo igi àti ère, kò sẹ́ni tó lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ọdún náà ń gba nǹkan bí ọjọ́ méjìlá: Ìwọ́pópó wà níbẹ̀, àtùpà olójú mẹ́rìndínlógún wà níbẹ̀, ìborí adé wà níbẹ̀. Ọjọ́ ìkẹyìn, tí Arugbá ń gbé igbá lọ sódò, ni ọ̀pọ̀ àlejò mọ̀. Ọjọ́ náà ni pátákó ìpolówó ń pọ̀ jù. Ọmọ Òṣogbo tó bá jẹ́ inú fóònù ló ti ń wo ọdún, ọjọ́ kan péré ni yóò mọ̀.

Ní Ouidah, láti 2024 ni ìjọba Benin ti sọ ọdún ìbílẹ̀ ọjọ́ 10 oṣù kìíní di Vodun Days, tòun ti eré orin alaalẹ́ létí òkun. Onímọ́tò, olóúnjẹ àti oníṣòwò ń rí owó níbẹ̀, kékeré sì kọ́. Àmọ́ àwọn àgbà ní lójú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni à ń san án. Ta ló ń kọ ètò ọjọ́ náà, ojúbọ ni àbí ọ́fíìsì?

Baguida wà lábẹ́ kọ́múùnù Golfe 6 báyìí, tí àwọn ará ìlú kọ́kọ́ dìbò yan ìgbìmọ̀ rẹ̀ ní 2019. Kí ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí ilé ìgbafẹ́ mìíràn, ó tọ́ kí apẹja àti àwòrò ti tọ́ka sí ibi tí odi kò gbọ́dọ̀ dé, kí wọ́n ri àmì mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ọjọ́ tí a kì í tẹ etí òkun nítorí ètùtù, kí onílé ìgbafẹ́ ti kọ ọ́ mọ́ ara ògiri rẹ̀ kí àlejò tó sanwó yàrá.