Ẹjọ́, Ogún, Ilẹ̀ àti Ìgbéyàwó: Ìtàn Àwọn Ọ̀rọ̀ Òfin ní Àjàṣẹ́

Kí àwọn Faransé tó dé ni àwọn ará Àjàṣẹ́ ti ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń yanjú aáwọ̀. Wọ́n mọ ohun tí ogún jẹ́. Wọ́n mọ̀ pé ilẹ̀ tí a tà yàtọ̀ sí ilẹ̀ tí a fi dógò. Wọ́n sì mọ ìgbà tí obìnrin ti di aya ẹni. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ṣì wà lẹ́nu wa títí di òní. Ṣùgbọ́n òfin tí wọ́n ń tọ́ka sí ti yí padà léraléra, èdè Faransé ni a sì ń fi kọ ọ́. Ó yẹ kí ẹni tí ó ń kọ́ àgbà ní ìwé kíkà mọ ìtàn yìí, nítorí pé ibi tí ọ̀rọ̀ àtijọ́ àti òfin titun ti pínyà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù ilé àti ilẹ̀ wọn.

Bí òfin ṣe yí padà

Ní 1863 ni Àjàṣẹ́ kọ́kọ́ wọ abẹ́ ààbò Faransé. Ààbò náà kò pẹ́ tí ó fi dáwọ́ dúró, ó sì tún padà fi ìdí múlẹ̀ ní 1883, ní ayé Ọba Toffa, ẹni tí ó jọba láti 1874 títí di 1908. Àṣẹ ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1903 pín ìdájọ́ sí ọ̀nà méjì ní gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: ilé-ẹjọ́ tí ó ń lo òfin Faransé, àti ilé-ẹjọ́ àwọn ọmọ ìbílẹ̀. Àṣà ìlú ni èkejì ń tẹ̀lé, bí àṣà náà kò bá ti tako ohun tí àwọn aláṣẹ ń pè ní ọ̀làjú.

Àṣà kò sí nínú ìwé nígbà náà. Ní 1931 ni ìjọba àmúnisìn kó àṣà oríṣiríṣi ẹ̀yà ilẹ̀ Dahomey jọ sínú ìwé kan tí a ń pè ní « Coutumier du Dahomey ». Ìwé náà kì í ṣe òfin. Atọ́nà ni fún àwọn onídàájọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn àgbà máa ń sọ lẹ́nu, tí ó lè le tàbí kí ó rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀ràn bá ti rí, di ohun tí ó dúró gbagidi lórí ìwé. Ìwé yìí ni ó sọ pé obìnrin kò ní agbára kankan ní ojú òfin, tí ó sì kà á mọ́ dúkìá ọkùnrin. Ẹni tí ó bá mọ àwọn ìyálọ́jà Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń dá òwò ara wọn ṣe, yóò mọ̀ pé àkọsílẹ̀ yìí kò bá ìgbésí ayé wọn mu.

Lẹ́yìn òmìnira ní 1960, àwọn onídàájọ́ kò pa ìwé náà tì. Ó di 1996 kí Ilé-Ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ tó sọ pé kò ní agbára òfin. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2004 ni Òfin Ènìyàn àti Ẹbí jáde, tí ó sì fi òpin sí agbára àṣà nínú gbogbo ọ̀ràn tí òfin náà mẹ́nu kàn.

Ẹjọ́

Ọ̀rọ̀ kan náà, ẹjọ́, ni a fi ń pe ọ̀ràn olè àti ọ̀ràn gbèsè. Nítorí náà ni ẹ̀rù ṣe máa ń ba ènìyàn bí òṣìṣẹ́ ilé-ẹjọ́ tí a ń pè ní « huissier » bá mú ìwé ìpè dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó rò pé a ti ka òun sí ọ̀daràn. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Nínú ẹjọ́ láàárín aráàlú méjì, ẹni tí ó ń béèrè nǹkan ni olùpẹjọ́, ẹni tí a béèrè é lọ́wọ́ rẹ̀ ni olùjẹ́jọ́. Orúkọ méjèèjì kò sọ ẹni tí ó jẹ̀bi.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà. Ilé-ẹjọ́ ìjọba náà gba òwe yìí gbọ́, ṣùgbọ́n ní ọ̀nà tirẹ̀: bí a bá ti pe ènìyàn bí ó ti yẹ, tí ó sì kọ̀ láti wá, a lè dá ẹjọ́ náà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó bá jókòó sílé nítorí pé ó gbàgbọ́ pé wọn kò lè dá ẹjọ́ láìgbọ́ ti ẹnu òun lè bá ìdájọ́ pàdé lójijì.

Ogún

Nínú àṣà Yorùbá, ọ̀nà méjì ni a fi ń pín ogún baba tí ó ní aya púpọ̀. Èkínní ni ìdí-igi, tí a ń pín in gẹ́gẹ́ bí iye ìyá. Èkejì ni orí-ò-jorí, tí a ń pín in gẹ́gẹ́ bí iye ọmọ. Ẹ jẹ́ kí a wo baba tí ó ní aya méjì, tí èkínní bí ọmọ kan, tí èkejì sì bí mẹ́rin. Bí a bá fi ìdí-igi pín in, ọmọ kan ṣoṣo náà gba ìdajì. Bí a bá fi orí-ò-jorí pín in, ó gba ìdá kan nínú márùn-ún.

Ní Èkó, irú ọ̀ràn yìí dé ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù ní London, nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole. Ọmọ mẹ́sàn-án ni olóògbé náà bí láti ọ̀dọ̀ aya mẹ́rin. Ìdájọ́ 1962 sọ pé ìdí-igi ni àṣà tí ó gbilẹ̀, ṣùgbọ́n olórí ẹbí lè yan orí-ò-jorí bí ìjà bá ṣẹlẹ̀. Ní Benin, òfin 2004 kò fi yíyàn sílẹ̀ fún olórí ẹbí mọ́: ọmọ kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin tàbí obìnrin, ní ìpín kan náà. Orí-ò-jorí ni òfin náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò kọ orúkọ yẹn sínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó léwu jù, èyíinì ni àrólé. Lẹ́yìn ikú, ẹbí a máa pàdé, wọn a sì kọ ìwé ìpàdé tí a ń pè ní « procès-verbal de conseil de famille ». Wọn a yan ẹnì kan tí yóò bójú tó dúkìá. Bí a bá túmọ̀ ipò ẹni yìí sí àrólé, àwọn àbúrò rẹ̀ yóò rò pé ilé ti di tirẹ̀, òun náà yóò sì rò bẹ́ẹ̀. Alábòójútó ni ó yẹ kí a pè é. Ó ń tọ́jú ohun gbogbo fún àwọn tí ó ni ín. Kò ní ẹ̀tọ́ láti dá a tà.

Ilẹ̀

Nínú àṣà, ilẹ̀ tí a fi dógò kì í di ti ẹni tí ó yáni lówó, bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó. Ọjọ́ tí a bá san owó ni a gba ilẹ̀ padà. Títà nìkan ni ó ń gbé ilẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹbí. Ṣùgbọ́n ìwé kan lè wà tí a kọ « vente » sí, tí ìyẹn jẹ́ títà, nígbà tí ẹni tí ó tẹ̀ka sí i gbàgbọ́ pé ògò ni òun fi í ṣe. Ohun tí a kọ ni onídàájọ́ yóò kọ́kọ́ kà.

Ìdàrúdàpọ̀ mìíràn wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ìwé ilẹ̀, tí a fi ń pe oríṣiríṣi ìwé. Àṣẹ ọjọ́ 24 oṣù keje ọdún 1906 ṣètò ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ tí ó ń bí « titre foncier ». Òfin 60-20 ti ọjọ́ 13 oṣù keje ọdún 1960, tí ó jáde ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú òmìnira, ṣètò « permis d'habiter ». Èyí kì í ṣe ẹ̀rí pé ènìyàn ni ó ni ilẹ̀. Ìyọ̀ǹda láti gbé ibẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ti sọ. Ọ̀pọ̀ ìdílé tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí fún ọdún púpọ̀, wọ́n sì rò pé ó tó. Òfin 2013-01 ti ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2013 ti gba ipò àwọn òfin wọ̀nyẹn, a sì tún un ṣe ní 2017. « Titre foncier » ni ó fi ìdí ẹ̀tọ́ onílẹ̀ múlẹ̀ jù lọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí a pe gbogbo wọn ní ìwé ilẹ̀ mọ́: ìwé ìgbé, ìwé títà, ìwé ẹ̀tọ́ onílẹ̀ ni kí a máa sọ.

Ìgbéyàwó

Lójú wa, ìdána ni ó so ìdílé méjì pọ̀. Òfin 2004 kò ka ìdána léèwọ̀, ṣùgbọ́n ó sọ pé àmì lásán ni. Ìgbéyàwó tí a ṣe níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ni ilé-ẹjọ́ mọ̀; ọmọ ọdún 18 ni ó kéré jù; aya kan fún ọkọ kan ni. Nígbà tí àwọn aṣòfin kọ́kọ́ dìbò lórí òfin náà ní 2002, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún yíyan aya púpọ̀. Ilé-Ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ kọ èyí ní ọjọ́ 23 oṣù kejìlá ọdún náà, nítorí pé kò fi ọkùnrin àti obìnrin sí ipò kan náà.

Òfin náà tún sọ pé olúkúlùkù níláti fi ẹnu ara rẹ̀ gbà kí a tó so wọ́n pọ̀. Nítorí náà, kò sí ẹbí tí ó lè ṣú opó bí ẹni pé ara ogún ni. Ṣùgbọ́n opó tí a dána fún nìkan, tí kò sí ìwé ìgbéyàwó lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe aya lójú ilé-ẹjọ́ bí a bá ń pín ogún. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìpín tiwọn bí a bá ti fi hàn pé olóògbé ni baba wọn; nítorí èyí ni ìwé ìbí ṣe ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó kù fún wa

Ẹsẹ ogójì nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990 pàṣẹ pé kí ìjọba tan ìmọ̀ nípa ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn kálẹ̀ ní àwọn èdè orílẹ̀-èdè wa. A kò lè ṣe èyí bí a bá kàn ń wá ọ̀rọ̀ Nàgó kan fún ọ̀rọ̀ Faransé kan. Ní kíláàsì, kí a kọ ọ̀rọ̀ náà sójú pátákó, kí a béèrè ohun tí ó jẹ́ ní ilé, lẹ́yìn náà kí a sọ ohun tí ó jẹ́ ní ilé-ẹjọ́. Kí a sì kọ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ láti béèrè ohun mẹ́ta kí wọ́n tó tẹ̀ka sí ìwé kankan: Kí ni orúkọ ìwé yìí? Kí ni yóò kúrò lọ́wọ́ mi? Ọ̀nà wo ni mo lè gbà gbà á padà?