Òṣùwọ̀n Tí Ó Bá Iṣẹ́ Mu: Ìtàn Okùn Wáyà Abẹ́ Òkun Àti Àwọn Ẹ̀rọ Tí A Fi Ń Wọn Iná Mànàmáná

Kò sí ọlọgbọ́n ìyàwó ilé tí yóò ra gàrí lọ́jà láìkọ́kọ́ wo ìdí kọ́ńgò. Bí wọ́n bá ti lu ìdí kọ́ńgò wọnú, gàrí ìbáà kún dé ẹnu, ìbáà ga bí òkìtì, kò pé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni alágbẹ̀dẹ wúrà kì í gbé wúrà lọ sórí òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn àpò kòkó. Òṣùwọ̀n kòkó kò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ wúrà ni a ṣe é fún. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ọlọ́jà, bẹ́ẹ̀ ni ó kan onímọ̀ ẹ̀rọ, àní ó kàn án jù bẹ́ẹ̀ lọ. A lè fi ojú rí gàrí, a sì lè fi ọwọ́ bù ú wò. Iná mànàmáná kò ṣé fi ojú rí nínú wáyà, ẹni tí ó bá sì fi ọwọ́ kàn án lè má tún ní ọwọ́ tí yóò fi kan nǹkan mìíràn mọ́. Ohun tí òṣùwọ̀n bá sọ ni oníṣẹ́ yóò gbà gbọ́. Bí òṣùwọ̀n bá purọ́, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn, owó sì ṣòfò. Bí a bá ń wá ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí, ìtàn okùn wáyà tí a tẹ́ sí abẹ́ òkun Àtìláńtíìkì ní ọdún 1858 tó ẹ̀rí.

Ìbẹ̀rẹ̀ Òṣùwọ̀n Iná

Ní àtijọ́, ara ènìyàn gan-an ni òṣùwọ̀n. Ní nǹkan bí ọdún 1770 sí 1780, Henry Cavendish, ọ̀mọ̀wé ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a máa jẹ́ kí iná gbọn òun fúnra rẹ̀ jìgìjìgì, kí ó lè mọ èyí tí ó lágbára ju èkejì lọ. Ọ̀nà yìí nira, ó sì léwu.

Ní ọdún 1820 ni ọ̀nà là. Hans Christian Ørsted, ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìlú Copenhagen, ṣàkíyèsí pé bí iná bá ń kọjá nínú wáyà, abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì tí ó wà nítòsí rẹ̀ a yà kúrò ní ipò rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, Johann Schweigger ní ilẹ̀ Jámánì ti ká wáyà yí abẹ́rẹ́ náà ká ní ọ̀pọ̀ ìgbà, tí iná tí kò tó nǹkan fi lè yí i. Báyìí ni a ṣe bí galvanometer, baba gbogbo mítà iná. Ní ọdún 1827, Georg Simon Ohm, ẹni tí ó jẹ́ olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ nígbà tí ó ń ṣe ìdánwò rẹ̀, tẹ ìwé jáde nípa bí agbára tí ń ti iná, ìṣàn iná, àti ìdènà tí iná ń bá pàdé nínú wáyà ti bá ara wọn tan. Ní ọdún 1843, Charles Wheatstone ṣe àlàyé ọ̀nà tí a lè gbà fi ìdènà tí a mọ̀ wọn èyí tí a kò mọ̀, gẹ́gẹ́ bí ọlọ́jà ti ń fi òkúta ìwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó lè mọ bí ọjà tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì ti wúwo tó. Christie ti kọ́kọ́ rí ọ̀nà yìí ní ọdún 1833, ṣùgbọ́n orúkọ Wheatstone ni ó mọ́ ọn lára títí di òní.

Dókítà Àti Ọ̀jọ̀gbọ́n

Ní ọdún 1856, Cyrus Field, oníṣòwò ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti fi okùn wáyà so Yúróòpù pọ̀ mọ́ Amẹ́ríkà. Ní ìgbà náà, ọkọ̀ ojú omi nìkan ni ó ń gbé ìròyìn kọjá, ó sì lè lo ọjọ́ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú òkun. Okùn náà yóò gùn tó nǹkan bí 2,000 máìlì, kò sì sí ẹni tí ó tíì ṣe irú rẹ̀ rí.

Ènìyàn méjì ni ọ̀rọ̀ iná okùn yìí já lé lọ́wọ́. Èkíní ni Wildman Whitehouse, dókítà oníṣẹ́-abẹ ará ìlú Brighton, tí ó fi ọgbọ́n ara rẹ̀ kọ́ ìmọ̀ iná, tí ilé-iṣẹ́ náà sì fi ṣe olórí àwọn oníṣẹ́ iná rẹ̀. Èkejì ni William Thomson, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Glasgow, ọ̀kan nínú àwọn olùdarí ilé-iṣẹ́ náà. Òun ni a wá mọ̀ sí Lord Kelvin láti ọdún 1892.

Èrò àwọn méjèèjì kò pa pọ̀. Thomson ti fi ìṣirò hàn pé okùn wáyà abẹ́ omi a máa fa iná mu gẹ́gẹ́ bí kànìnkànìn ti ń fa omi mu, kí ó tó jọ̀wọ́ rẹ̀ ní ìpẹ̀kun kejì; bí okùn bá sì gùn ní ìlọ́po méjì, ìfàsẹ́yìn náà yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, ó fẹ́ kí wáyà bàbà tí ó wà nínú okùn nípọn, kí oje igi gutta-percha tí a fi bò ó sì nípọn pẹ̀lú. Whitehouse ní àwọn ìdánwò tí òun ṣe kò fi òfin yìí hàn. Nígbà tí wọn yóò fi yanjú ọ̀rọ̀ náà, okùn tín-ínrín ti wà lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe é. Ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Bí iṣẹ́ ti rí báyìí, ohun tí ó kù ni irinṣẹ́ tí wọn yóò fi gba ìròyìn. Níbi yìí ni ọ̀nà àwọn méjèèjì ti pínyà pátápátá. Whitehouse gbà pé bí okùn bá gùn, agbára ńlá ni a gbọ́dọ̀ fi tì í, ó sì ṣe àwọn ẹ̀rọ títóbi tí a ṣírò agbára wọn sí nǹkan bí 2,000 fóltì. Thomson gbà pé dípò kí a máa pariwo ní ìpẹ̀kun kan, etí tí ó mú ni kí a fi sí ìpẹ̀kun kejì. Ó so irin òòfà kékeré mọ́ ẹ̀yìn dígí tí kò wúwo rárá, ó fi òwú ṣẹ́dà gbé e kọ́ sí àárín wáyà tí a ká, ó sì tan ìmọ́lẹ̀ sí i lójú. Bí iná kékeré bá ti kọjá, dígí a yí díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tí ó ń ta padà a sì rìn sọ́tùn-ún tàbí sósì lórí ìlà òṣùwọ̀n. Ìmọ́lẹ̀ kò wúwo bí abẹ́rẹ́, nítorí náà ìyípadà tí ojú kò lè rí lára dígí a di ńlá lórí ìlà náà.

Ọ̀sẹ̀ Mélòó Kan Tí Okùn Náà Fi Sọ̀rọ̀

Okùn tí wọ́n gbìyànjú láti tẹ́ ní ọdún 1857 já. Ní ọdún 1858, ọkọ̀ ogun Agamemnon ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Niagara ti Amẹ́ríkà pàdé ní àárín òkun, wọ́n so okùn pọ̀, oníkálùkù sì kọrí sí etíkun tirẹ̀. Lẹ́yìn ìjì àti okùn tí ó ń já léraléra, okùn dé èbúté ní ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ, láti Valentia ní Ireland títí dé Trinity Bay ní Newfoundland. Inú ọkọ̀ ni Thomson wà pẹ̀lú òṣùwọ̀n onídígí rẹ̀, tí ó ń ṣọ́ okùn bí abiyamọ ti ń ṣọ́ ọmọ. Whitehouse kò bá wọn lọ. Ó ní ara òun kò dá.

Ìlú méjèèjì kún fún ayọ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù náà, Ọbabìnrin Victoria kí Ààrẹ James Buchanan. Ọ̀rọ̀ 98 péré ni ó wà nínú ìkíni náà, ṣùgbọ́n ó gbà tó wákàtí 16 kí ó tó dé ọ̀hún tán. Síbẹ̀, okùn náà ṣe oore kan tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé: Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi í dá ẹgbẹ́ ọmọ-ogun méjì ní Kánádà dúró kí wọ́n má baà wọkọ̀ lórí òfo, iye tí èyí sì fi pamọ́ tó nǹkan bí 50,000 pọ́ùn.

Ṣùgbọ́n ayọ̀ náà kò tọ́jọ́. Whitehouse ti fi agbára ńlá rẹ̀ ti okùn tí ara rẹ̀ kò dá, nígbà tí ẹ̀rọ agbàròyìn tirẹ̀ kò sì lè ka ohun tí ó ń bọ̀ bó ti yẹ, òṣùwọ̀n onídígí Thomson ni wọ́n padà sí. Kí oṣù kẹjọ tó parí, ilé-iṣẹ́ náà ti lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Thomson gba ipò náà, ó lo bátìrì tí agbára rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ náà ti wọ egungun. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ọ̀rọ̀ tí ó nítumọ̀ kò kọjá nínú okùn náà mọ́. Owó ńlá rì sínú òkun, àwọn ènìyàn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀ láti ìpilẹ̀.

Ìwádìí Àti Àtúnṣe

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ilé-iṣẹ́ náà jọ gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, ìgbìmọ̀ náà sì gbé ìwé ìwádìí jáde ní ọdún 1861. Òtítọ́ yẹ kí ó hàn níhìn-ín, kí a má baà di gbogbo ẹrù lé ẹnì kan lórí. Okùn náà ti ní àbùkù kí Whitehouse tó fọwọ́ kàn án: wọ́n fi ìkánjú ṣe é, wọ́n tọ́jú rẹ̀ sínú oòrùn tí ó fi rọ̀, bàbà inú rẹ̀ kò sì dára bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Thomson ni ó ti ṣàwárí pé bàbà méjì tí ojú rí bákan náà lè yàtọ̀ púpọ̀ nínú bí wọ́n ti ń gba iná kọjá. Bí wọ́n bá ti fi òṣùwọ̀n tó péye wọn bàbà yìí kí wọ́n tó hun ún, àìsàn náà ìbá ti hàn ní orí ilẹ̀, níbi tí oògùn rẹ̀ wà.

Àìsàn mìíràn tún hàn. Kò sí òṣùwọ̀n àjùmọ̀lò. Bí oníṣẹ́ kan ní London bá sọ iye ìdènà wáyà, ẹlòmíràn ní Berlin lè má mọ ohun tí ó ń wí. Bí ìgbà tí ìlú kọ̀ọ̀kan bá ní kọ́ńgò tirẹ̀ ni. Ní ọdún 1861 kan náà, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yan ìgbìmọ̀ tí yóò ṣètò òṣùwọ̀n iná, Thomson sì wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1881, àpérò gbogbo àgbáyé ní Paris fọwọ́ sí óòmù, fóltì àti áńpíà.

Nígbà tí ọkọ̀ Great Eastern tẹ́ okùn tuntun ní ọdún 1866, wọ́n ti wọn gbogbo rẹ̀ láti ilẹ̀ dé omi, wọn kò sì dẹ́kun wíwọ̀n ín bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Okùn náà jẹ́ iṣẹ́ rere. Wọ́n tún rí okùn tí ó sọnù ní ọdún 1865 fà sókè, wọ́n sì parí rẹ̀. Nígbà náà ni Latimer Clark ṣe ohun ìyanu kan. Ó ní kí wọ́n so okùn méjèèjì pọ̀ ní Newfoundland. Ó mú fìlà fàdákà kékeré tí àwọn aránṣọ máa ń fi bọ orí ìka kí abẹ́rẹ́ má baà gún wọn, ó fi ásíìdì díẹ̀ àti síńkì sínú rẹ̀, ó sì sọ ọ́ di bátìrì. Iná tí ó ti inú ohun tí kò tó ìka yìí jáde la òkun kọjá lọ, ó sì tún là á padà bọ̀, òṣùwọ̀n onídígí sì rí i. Níbi tí nǹkan bí 2,000 fóltì ti kùnà, bátìrì orí ìka ṣe é. Bí a bá farabalẹ̀ pa eèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀.

Ogún ọdún lẹ́yìn èyí, ní ọdún 1886, okùn wáyà abẹ́ òkun dé Èkó. Ẹni tí ó bá ń fi wáyà ránṣẹ́ láti Èkó sí London nígbà náà ń jẹ èrè ẹ̀kọ́ tí a fi owó ńlá kọ́ ní Valentia.

Òṣùwọ̀n Bọ́ Sọ́wọ́ Oníṣẹ́

Òṣùwọ̀n onídígí kò ṣé gbé káàkiri. Ní ọdún 1882, Deprez àti d'Arsonval ní ilẹ̀ Faransé gbé wáyà kíká sí àárín irin òòfà tí kò kúrò lójú kan. Ní ọdún 1888, Edward Weston ní Amẹ́ríkà dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ tí ó ń ṣe irú rẹ̀ tí ọwọ́ lè gbé. Ní ọdún 1923, èrò Donald Macadie, onímọ̀ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí rírù mítà oríṣiríṣi ti sú, di Avometer: áńpíà, fóltì àti óòmù nínú àpótí kan ṣoṣo. Ó pẹ́ títí di ọdún 2008 kí wọ́n tó dẹ́kun ṣíṣe é. Ní ọdún 1897, Ferdinand Braun ti ṣe ìgò tí iná ń kọ ìrísí ara rẹ̀ sí lójú. Láti inú rẹ̀ ni oscilloscope ti jáde. Ní ọdún 1952, Andrew Kay ṣe mítà tí ń kọ nọ́ńbà dípò kí ó fi abẹ́rẹ́ tọ́ka.

Pẹ̀lú gbogbo ìtẹ̀síwájú yìí, ìbéèrè ọdún 1858 kò kúrò nílẹ̀: òṣùwọ̀n wo ni ó bá iṣẹ́ yìí mu? Kí a mú bátìrì 10 fóltì, kí a so ìdènà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 100,000 óòmù mọ́ ọn tẹ̀léra. Ìṣirò fi hàn pé fóltì 5 ni ó yẹ kí ó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fi mítà tí ìdènà inú rẹ̀ jẹ́ 10,000 óòmù wọ̀n ín, kò ní sọ ju fóltì 0.83 lọ. Èyí tí ó ní 200,000 óòmù yóò sọ fóltì 4. Èyí tí ó ní mílíọ̀nù 10 óòmù, bí ọ̀pọ̀ mítà onínọ́ńbà ti rí, yóò sọ fóltì 4.98. Mítà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n mítà àkọ́kọ́ ń mu nínú omi tí a ní kí ó wọ̀n.

Bẹ́ẹ̀ náà ni oscilloscope. Bí iná tí a fẹ́ wò bá ń yí padà tó ìgbà tí ó jẹ́ òpin agbára ẹ̀rọ náà, nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 gíga rẹ̀ ni yóò hàn. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ fi ń wá èyí tí agbára rẹ̀ tó ìlọ́po márùn-ún ohun tí wọ́n fẹ́ wò.

Ẹ̀kọ́ Inú Ìtàn

Ìtàn yìí kò sọ pé òṣùwọ̀n tí ó wọ́n jù ni ó dára jù. Fìlà ìka aránṣọ kò wọ́n. Ohun tí ó kọ́ni ni pé ìbéèrè ni ó yẹ kí ó ṣáájú owó. Kí ni a fẹ́ wọ̀n, báwo ni ó sì ti kéré tàbí tóbi tó? Ǹjẹ́ òṣùwọ̀n náà kò ní da ohun tí a ń wọ̀n láàmú? Ìgbà wo ni a ti fi í wé ojúlówó gbẹ̀yìn? Ǹjẹ́ àmì CAT tí ó wà lára rẹ̀ fi hàn pé ó lè dáàbò bo ọwọ́ tí ó dì í mú ní ibi tí a fẹ́ gbé e lọ? Mítà tí a ṣe fún inú rédíò kò yẹ ní ìdí páànù ńlá tí iná ti ń wọ ilé.

Whitehouse kì í ṣe òmùgọ̀, kò sì ya ọ̀lẹ. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé nígbà tí okùn kò dáhùn, ó pọ̀ sí i nínú agbára, kò pọ̀ sí i nínú ìtẹ́tísílẹ̀. Ẹni tí ó bá ń kọ́ iṣẹ́ iná, àti olùkọ́ tí ń kọ́ ọ, kí wọ́n fi èyí sọ́kàn. Kí a tó bu gàrí, kí a kọ́kọ́ yí kọ́ńgò wo ìdí.