Ìtàn Dígí Tó Ń Dá Ìtànṣán X Padà

Nígbà tí Wilhelm Röntgen ṣàwárí ìtànṣán X ní ìlú Würzburg, ní Jámánì, lọ́dún 1895, ohun tó ya aráyé lẹ́nu ni pé ìtànṣán náà ń la ẹran ara kọjá. Agbára yìí gan-an ló di ìṣòro fún àwọn onímọ̀ ìràwọ̀. Bí ìtànṣán náà bá kọlu dígí lójúkojú, inú rẹ̀ ni yóò wọ̀ lọ. Kò ní padà. Èyí tó sì ń bọ̀ láti ojú ọ̀run, afẹ́fẹ́ tó yí ayé ká a máa gbé e mì kó tó délẹ̀.

Ọgbọ́n ló ṣẹ́gun agbára. Ní 1923, Arthur Compton fi hàn pé bí ìtànṣán X bá kàn fara kan ojú dígí fẹ́rẹ́, dígí náà yóò dá a padà. Ní 1952, Hans Wolter ṣàpèjúwe dígí méjì tó tẹ̀ léra, tí yóò kó irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀ jọ sójú kan. Awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá ló ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n ó ṣòro jọjọ láti mú kí ojú dígí kékeré bẹ́ẹ̀ jọ̀lọ̀ tó. Riccardo Giacconi àti Bruno Rossi ló dábàá ní 1960 pé kí a fi dígí ṣe awò awọ̀nàjíjìn fún ìtànṣán X. Ní 1999, awò Chandra ti Amẹ́ríkà gbé dígí tí a fi iridium bò lọ sójú òfurufú; ti XMM-Newton ti ilẹ̀ Yúróòpù, wúrà ni a fi bò ó.

Síbẹ̀, ìtànṣán tó lágbára jùyẹn lọ ń bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Eberhard Spiller ti dábàá ní 1972 pé kí a to ohun méjì ní ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ọ̀kan lórí èkejì, léraléra. Díẹ̀ ni ìpele kọ̀ọ̀kan ń dá padà, ṣùgbọ́n bí àlàfo wọn bá bá ìtànṣán náà mu, gbogbo díẹ̀ náà a para pọ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ọgbọ́n yìí ni wọ́n lò fún NuSTAR, tó gbéra ní oṣù kẹfà 2012. Dígí rẹ̀ méjèèjì ní ìpele gíláàsì 133 lọ́kọ̀ọ̀kan, tó wọnú ara wọn bí èèpo àlùbọ́sà. Ní Dẹ́nímáàkì ni wọ́n ti fi platinum àti carbon bo àwọn kan, tí wọ́n fi tungsten àti silicon bo àwọn yòókù. Bí a bá pín mìlímítà kan sọ́nà mílíọ̀nù, ìpín díẹ̀ péré ni ìnípọn ìpele kan.

Ní 2014, awò yìí fi hàn bí titanium ṣe fọ́n ká nínú àwókù ìràwọ̀ Cassiopeia A: ó wà ní ṣùù ṣùù, kò tẹ́jú. Ìràwọ̀ náà kò bú dọ́gba níhà gbogbo. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn lórí bí irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń kú. Ìpele tí ojú lásán kò lè rí ló bá wọn gbé ẹ̀rí wá.