Ohun Tí Òfin Ọ̀dọ́ Ọdún 2018 Kò Ṣe

Ẹ kàn sọ pé ọ̀dọ́ kò tó nǹkan nílé aṣòfin l'Abuja, kò ní pẹ́ tí ẹnìkan á fi dáhùn pé: "Ṣebí Buhari ti fọwọ́ sí òfin tó ṣí gbogbo ipò sílẹ̀ fún wọn? Ọ̀lẹ ni wọ́n." Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òfin kan wà lóòótọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Not Too Young To Run, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2018. Ṣùgbọ́n ipò mẹ́ta péré ló kàn.

Ó dín ọjọ́ orí ẹni tó fẹ́ du ipò ààrẹ kù láti 40 sí 35, ó sì dín ti Ilé Aṣojú-ṣòfin àti ti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kù láti 30 sí 25. Gómìnà àti sẹ́nétọ̀ ńkọ́? 35 tí wọ́n wà náà ni wọ́n ṣì wà. Àbádòfin àkọ́kọ́ fẹ́ sọ tiwọn di 30, àwọn aṣòfin ò gbà. Ọjọ́ orí kan náà ni òfin wá ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ bá àwọn sẹ́nétọ̀ 109 jókòó àti lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣàkóso gbogbo Nàìjíríà. N ò tíì rí ẹni tó ṣàlàyé ìyẹn kó yé mi.

Òfin náà kò sì ya àga kankan sọ́tọ̀ fún ọ̀dọ́. Ùgáńdà ní àga márùn-ún bẹ́ẹ̀, Rwanda ní méjì. Nínú àga 360 ti Ilé Aṣojú-ṣòfin wa, kò sí ẹyọ kan.

Kì í ṣe pé òfin náà ò wúlò o. Ọmọ ọdún 29 ni Anthony Enahoro nígbà tó gbé àbá òmìnira kalẹ̀ nílé aṣòfin l'Ékòó ní oṣù Kẹta ọdún 1953. Ká ní ìwé òfin 1999, bó ṣe rí kí òfin yìí tó yí i padà, ló wà nígbà náà, kò ní lè du àga ọ̀hún.

Ṣùgbọ́n abala 65 ìwé òfin náà ní gbólóhùn kan tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn: ẹni tí ẹgbẹ́ òṣèlú ò bá fà kalẹ̀ kò lè díje. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Fún ìdìbò 2023, mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà ni ẹgbẹ́ òṣèlú APC ta fọ́ọ̀mù Ilé Aṣojú-ṣòfin. Wọ́n ṣe ẹ̀dínwó fún ọ̀dọ́ tí kò tíì ju 40 lọ, tí ó fi di mílíọ̀nù márùn-ún àbọ̀. Owó oṣù tó kéré jù nígbà náà jẹ́ 30,000 náírà. Ọmọ ọdún 25 tó ń gba iye yẹn, tí kò jẹun, tí kò wọkọ̀, tó ń fi gbogbo rẹ̀ pamọ́, á lò ju ọdún 15 lọ kówó tó pé. Á sì ti lé ní 40 nígbà yẹn. Ẹ̀dínwó ti fò ó. Kò tíì rí àwọn dẹ́lígéètì tí ń dìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ sójú o.

Kí ẹni tó ń pe ọ̀dọ́ ní ọ̀lẹ kọ́kọ́ lọ béèrè iye tí ẹgbẹ́ tirẹ̀ ń ta fọ́ọ̀mù.