Ta Ló De Bọ̀ọ̀dá Lẹ́sẹ̀ Lórí Afárá?

Ní òwúrọ̀ Sátidé, ọjọ́ 6 oṣù Èrèlé ọdún 2016, wọ́n dí ojú pópó Ìkòròdú mọ́ àwọn dánfó. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà náà. Ìyá àgbà di ọwọ́ mi mú ní ibùdókọ̀ Fádèyí, à ń wo àwọn tó ń sá eré ẹlẹ́mìí ẹṣin ti ìlú Èkó. Pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Sùúrùlérè ni wọ́n ti gbéra, Eko Atlantic ni wọ́n ń lọ, ìrìn kìlómítà 42 àti díẹ̀. Abraham Kiptum, ọmọ Kẹ́ńyà, ló gbégbá orókè lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mo ń dúró dè. Àbúrò bàbá mi ni, tí gbogbo wa ń pè ní Bọ̀ọ̀dá. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó juwọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún tẹsẹ̀ mọ́rìn.

Orí afárá Third Mainland ni nǹkan ti yíwọ́. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ ṣù, ó le bí òkúta. Ó ṣubú, ó ń ké. Pajájapá ló mú un. Ẹnì kan da omi lé e lórí, ẹlòmíràn fún un ní iyọ̀ lá. Kò parí eré náà. Nígbà tó tiro wọlé ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá àgbà káwọ́ lérí: "Ẹsẹ̀ tí mo fojú ara mi rí ní Fádèyí pé ó ń sáré, ta ló dè é? Ayé ti ṣe ọmọ mi!"

Ìyá alákàrà tó wà ní ojúlé kejì ló fún Bọ̀ọ̀dá ní omi mu kó tó jáde nílé láàárọ̀. Láti ọjọ́ náà, Ìyá àgbà kò kí i mọ́. Ó gbé bàtà ìsáré Bọ̀ọ̀dá pamọ́, Bọ̀ọ̀dá náà kò sì béèrè rẹ̀.

Ní ọdún tó kọjá, olùkọ́ wa ní kí a wádìí ìtàn ohun kan tó ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò wa. Ẹsẹ̀ Bọ̀ọ̀dá ni mo yàn. Ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu, nítorí pé ìtàn náà kò bẹ̀rẹ̀ lórí pápá. Inú kòtò ìwakùsà ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ń wa èédú nínú kòtò jíjìn máa ń làágùn púpọ̀ nítorí ooru. Wọ́n á mu omi lásán, pajápajá á sì gbé wọn ṣánlẹ̀. Ní ọdún 1923, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ K. Neville Moss kọ ìwé lórí wọn. Ó ní iyọ̀ tó bá òógùn lọ ni kò padà, àti pé omi tí a fi iyọ̀ díẹ̀ sí máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí kúrò nínú kòtò, ó dé orí pápá. Ó lé ní àádọ́rin ọdún tí àwọn olùkọ́ eré ìdárayá fi ń sọ ọ́. Iyọ̀ tí wọ́n fún Bọ̀ọ̀dá lá lórí afárá, láti ibẹ̀ ló ti wá.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà níbẹ̀. Gbogbo ara ni iyọ̀ àti omi ti ń lọ. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nìkan ni pajápajá ń mú lára ẹni tó ń sáré?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Martin Schwellnus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà wá ìdáhùn. Ní ọdún 1997, wọ́n ní àárẹ̀ iṣan ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Nínú iṣan, ohun kan wà tó ń rán ìròyìn pé, "Súnkì!" Nínú okùn tó so iṣan mọ́ egungun, òmíràn wà tó ń sọ pé, "Ó tó, dẹ̀!" Bí iṣan bá ti rẹ̀ jù, ti àkọ́kọ́ á máa pariwo, ti èkejì á dákẹ́. Iṣan á súnkì, kò sì ní lè dẹ̀ mọ́.

Ní ọdún 2004, wọ́n gbé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àwọn tó sá eré Two Oceans jáde, eré kìlómítà 56 tí wọ́n ń sá ní Cape Town. Wọ́n fi àwọn 21 tí pajápajá mú wé àwọn 22 tí kò mú. Omi ara àwọn tó mú kò gbẹ ju ti àwọn yòókù lọ, ìyàtọ̀ tó wà nínú iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn kò sì tó nǹkan. Ní ọdún 2011, wọ́n tún gbé ìwádìí lórí eléré ìdárayá 210 jáde. Àwọn tó sáré ju bí wọ́n ṣe máa ń sá lọ, àti àwọn tí pajápajá ti mú rí, ni ó pọ̀ jù lára àwọn tó mú.

Mo gbé ìbéèrè lọ bá Bọ̀ọ̀dá ní ilé ìtẹ̀wé tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ṣómólú.

"Bọ̀ọ̀dá, ibo ló jìnnà jù tí ẹ sáré dé kí ọjọ́ náà tó pé?"

"Láti Fádèyí dé Ọbaníkòró, àlọ àti àbọ̀."

"Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ńkọ́, ẹ sinmi?"

"Sinmi kẹ̀! Orí ìdúró nídìí ẹ̀rọ ni mo wà títí di alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀."

"Ta lẹ wá ń sá tẹ̀lé?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn tó wà níwájú ni." Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní pajápajá ti mú òun lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí òun ń dánra wò, ṣùgbọ́n òun kò sọ fún ẹnì kankan.

Mo ti rí ẹni tó de Bọ̀ọ̀dá lẹ́sẹ̀. Kì í ṣe ìyá alákàrà.

Ẹni tó bá fẹ́ sá eré ọ̀nà jíjìn, díẹ̀díẹ̀ ni kó máa fi kún ìrìn rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Kó sinmi kí ọjọ́ eré tó dé, kó jẹun dáadáa, kó sì rọra bẹ̀rẹ̀. Bí pajápajá bá mú un, kó dúró, kó na ẹsẹ̀ náà, kó fa ìka ẹsẹ̀ wá sí apá ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, kó mú un bẹ́ẹ̀ títí iṣan á fi dẹ̀. Fífà yẹn ló ń jí ẹni tó ń sọ pé "dẹ̀." Iyọ̀ kò di ohun ìsọnù o. Ẹni tó bá ń làágùn púpọ̀ nínú ooru Èkó nílò rẹ̀ nínú oúnjẹ. Omi náà dára, ṣùgbọ́n bí òùngbẹ bá ṣe gbẹ èèyàn ni kó mu ún. Ní eré Boston ti ọdún 2002, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ eléré 488 wò, iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀ jù lára 13 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Omi àmujù wà lára ohun tó fà á, ó sì lè pa èèyàn. Bí pajápajá bá mú gbogbo ara, tàbí tí ọ̀rọ̀ ẹni náà kò bá já gaara mọ́, ilé ìwòsàn ló yá.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ wa, bí ọmọ bá ṣubú ní ọjọ́ ìdíje eré ìdárayá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ na ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó wá ọ̀tá rẹ̀.

Mo ka àròkọ yìí sí Ìyá àgbà létí kí n tó fi í sílẹ̀ fún olùkọ́ wa. Kò sọ nǹkan kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fún mi lówó àti abọ́: "Lọ ra àkàrà wá ní ojúlé kejì. Kí o bá mi kí ìyá náà." Nígbà tí mo padà dé, bàtà Bọ̀ọ̀dá wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti nu eruku ara rẹ̀ kúrò.